Ìwọ̀n Agogo Mẹ́fà láti Caimitillo

Ní agogo mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ní òwúrọ̀, mo yọ ìwọ̀n tí Ercilia Bonne, obìnrin tó ń ka ìwọ̀n ojú ọjọ́ fún wa ní etíkun Caimitillo, fi ránṣẹ́ kúrò nínú ohun tí kọ̀ǹpútà yóò kà. Bọ́tìnnì kan ni mo tẹ̀. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ní ibùdó ìwòye ojú ọjọ́ ti ẹkùn wa, ní ìlà oòrùn Kúbà, èmi ni mo ń bójú tó ìṣirò tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ ibi tí ìjì òkun yóò gbà. Ẹ̀rọ náà kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Ó ti ní èrò tirẹ̀ nípa bí afẹ́fẹ́ ṣe rí níbi gbogbo, láti inú ìṣirò wákàtí mẹ́fà sẹ́yìn. Bí ìwọ̀n bá dé láti ibùdó kan, ẹ̀rọ a fi í wé èrò rẹ̀. Bí àlàfo tó wà láàárín méjèèjì bá kéré, yóò gba ìwọ̀n náà, yóò sì fi í tún èrò rẹ̀ ṣe. Bí àlàfo náà bá pọ̀ jù, yóò kọ ìwọ̀n náà sí apá kan pẹ̀lú àwọn tí a fura sí, ènìyàn ni yóò sì pinnu. Èmi ni ènìyàn náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, ìjì Rosaura wà lórí òkun ní gúúsù wa. Bí ìjì bá ṣe ń súnmọ́ ibì kan ni ìwúwo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń dínkù. Kọ̀ǹpútà gbà pé ìwúwo afẹ́fẹ́ ní Caimitillo yóò jẹ́ ẹgbẹ̀rún lé mẹ́rin lórí ẹ̀rọ ìwọ̀n. Ercilia fi ẹgbẹ̀rún dín mẹ́rin ránṣẹ́. Àlàfo náà jẹ́ mẹ́jọ. Márùn-ún ni ààlà wa.

Mo tún ní ìdí mìíràn. Ní oṣù keje, ìwọ̀n Caimitillo ṣì fún ọjọ́ mẹ́rin, nítorí pé ẹni tí ó lọ tún ẹ̀rọ ìwọ̀n ibẹ̀ ṣe kò dá a padà sí bí ó ti yẹ. Ẹ̀bi Ercilia kọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ Caimitillo ni ó kù sí mi lọ́kàn, orúkọ ọkùnrin náà kò kù.

Kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò mọ́kànlélógún láìsí ìwọ̀n Ercilia, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ díẹ̀ sí ti èkejì. Mọ́kàndínlógún nínú wọn gbé ìjì náà lọ sí Punta Ancha, ọgọ́fà kìlómítà sí ìwọ̀ oòrùn Caimitillo. Méjì tó kù gbé e wá sí ìtòsí Caimitillo. Kò sí ohun mìíràn tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Rádà wa ti dákẹ́ láti oṣù kẹfà, a ń dúró de ohun èlò kan. Orí ìkùukùu nìkan ni sátẹ́láìtì ń rí. Ọkọ̀ òfuurufú tí ń wọ inú ìjì kò ní dé ibẹ̀ ṣáájú agogo méjì ọ̀sán.

Ní agogo mẹ́jọ, mo gbé ìwé ìkìlọ̀ tí a fẹ́ kéde tọ Wilfrido Cisneros lọ kí ó fọwọ́ sí i. Òun ni olórí wa. Ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó sì ń fi pẹ́ńsù ya àwòrán ojú ọjọ́ ní àràárọ̀ síbẹ̀, bí ẹ̀rọ tilẹ̀ ń yà á fún un.

“Mọ́kàndínlógún nínú mọ́kànlélógún,” ó wí. “Àwọn méjì yòókù ńkọ́?”

“Wọ́n ṣìnà, ọ̀gá.”

“Bí ìyàwó mi ṣe máa ń sọ nípa mi nìyẹn. Mo sì máa ń délé.”

Ó fọwọ́ sí i. Ní agogo mẹ́sàn-án, rédíò kéde pé kí Punta Ancha múra, àti pé òjò ni Caimitillo yóò rí.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí sí yàrá tí a ti ń bá àwọn ibùdó sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́.

“Caimitillo nìyí. Ta ló wà níbẹ̀?”

“Nereida ni, Màmá Ercilia. Ẹ káàárọ̀.”

“Má kí mi. Mo ti gbọ́ ìròyìn. Ẹ ní òjò ni tiwa. Ẹgbẹ̀rún dín mẹ́rin tí mo fún yín láàárọ̀, níbo lẹ gbé e sí?”

“Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́, Màmá.”

“Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ṣé ẹ̀rọ yẹn ti dé Caimitillo rí?”

“Ó jìnnà sí ohun tó ń retí ni.”

“Ó ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ kí n tó sọ ọ́. Kí ló wá ń bi mí sí? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ nítorí yín. Ẹ bá kúkú ti sọ fún mi kí n máa sùn.”

Mo gbọ́ ariwo páànù lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń lu ara rẹ̀ láìdáwọ́ dúró.

“Ti aago mẹ́sàn-án ńkọ́, Màmá?”

“Ẹgbẹ̀rún dín mẹ́jọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Mo tún lọ yá ẹ̀rọ ìwọ̀n inú ọkọ̀ Fermín apẹja, kẹ́ ẹ má baà ní tèmi ti dàrú. Ẹgbẹ̀rún dín méje ni tiẹ̀ wí. Ṣé ẹ máa kọ ti Fermín náà? Kí n sọ fún un pé ẹ̀ ń kọ̀ ọ́?”

“Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Láti ibo ló ti ń fẹ́?”

“Ẹ̀ẹ́n. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Aago mẹ́fà, láti ìlà oòrùn. Aago mẹ́sàn-án, láti ìlà oòrùn. Ó le sí i. Kò yí rárá.”

Mo jókòó. Bí ìjì náà bá ń kọjá ní ìwọ̀ oòrùn Caimitillo bí a ti kéde, ó yẹ kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti máa yí sí gúúsù. Bí afẹ́fẹ́ bá ń le láìyí, tí ìwúwo rẹ̀ sì ń dínkù, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó dúró níbẹ̀ ni ìjì ń bọ̀. Kò sí apẹja kan ní etíkun wa tí kò mọ èyí. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo kọ ọ́ nínú ìdánwò ní ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì, mo sì gba máàkì tí ó pé.

“Màmá Ercilia,” mo wí, “ẹ̀rọ kọ́ ló yọ ọ́. Ẹ̀rọ béèrè ni. Èmi ni mo yọ ọ́.”

“Mo mọ̀. Ènìyàn ló máa ń sá sẹ́yìn ẹ̀rọ báyẹn. Dá a padà síbẹ̀, ọmọ mi. Tó o bá fẹ́ sunkún, sun ún lẹ́yìn ìyẹn. Màá pè ní aago méjìlá.”

Mo lọ sọ fún Wilfrido. Kò pariwo. Ó fi pẹ́ńsù kọ àwọn ìwọ̀n Caimitillo sórí àwòrán rẹ̀, ó fa ìlà yí wọn ká, ó pa á rẹ́, ó sì tún un fà.

“Ojú ìjì méjì ló wà níbí,” ó wí. “Ti àná ń kú lọ ní ìwọ̀ oòrùn. Òmíràn ti bí ara rẹ̀ sábẹ́ ìkùukùu ńlá yìí, ní ìlà oòrùn. Ti àná ni à ń tẹ̀ lé kiri. Wákàtí mélòó lo nílò?”

“Mẹ́ta, tí mo bá fẹ́ ṣe gbogbo mọ́kànlélógún.”

“Aago méjìlá ni ìpàdé.”

Mo mọ ìpàdé náà. Májọ̀ Tamayo, tí ó ń darí ààbò ìlú ní ẹkùn wa, ni yóò pinnu ibi tí bọ́ọ̀sì yóò lọ. Mẹ́rìnlá ni bọ́ọ̀sì náà. Bí wọ́n bá lọ sí Punta Ancha ní ọ̀sán, wọn kò ní padà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Irinwó ó lé méjìlá ènìyàn ni ó wà ní Caimitillo. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ ibẹ̀, orí òkúta tí a dà sínú ọ̀sà ni ó sì gbà. Bí Ercilia bá tọ̀nà, omi yóò ti bo ọ̀nà náà ní nǹkan bí agogo mẹ́ta.

Mo dá àwọn ìwọ̀n náà padà, ti agogo mẹ́fà àti ti agogo mẹ́sàn-án, mo sì fi ti Fermín kún un. Mo dín ìṣirò kù láti mọ́kànlélógún sí márùn-ún. Ní agogo mẹ́wàá kọjá márùndínlógójì, iná lọ. A tan jẹnẹrétọ̀, epo rẹ̀ kò sì pọ̀. Wilfrido rìn yí ilé náà ká, ó ń pa fáànù àti fìríìjì àti gbogbo iná.

“Ọ̀gá, bọ́tà mi wà nínú fìríìjì yẹn o!” ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé kígbe.

“Ẹ̀rọ ló máa jẹun lónìí. Àwa ń gba ààwẹ̀,” ó dáhùn.

Ó gbé kọfí tútù wá fún mi nínú ife kékeré, kọfí tí a lọ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀wà sísun. Ó dúró sẹ́yìn mi títí mo fi mu ún tán.

Ìṣirò náà parí ní agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Márààrún gbé ojú ìjì wọ ilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó kéré jù kìlómítà mẹ́wàá, ó pọ̀ jù ogún, sí ìwọ̀ oòrùn Caimitillo. Apá tí afẹ́fẹ́ ti ń ti òkun wá sórí ilẹ̀ ni Caimitillo bọ́ sí. Òkun yóò ga ní mítà mẹ́ta. Ilẹ̀ tí ó ga jù níbẹ̀ fi mítà méjì ju òkun lọ.

Òpópónà kan ni ó wà láàárín ibùdó wa àti ilé ìpàdé. Bí a ti ń sọdá rẹ̀ nínú òjò, Wilfrido sọ fún mi pé, “Màá sọ fún Májọ̀ pé ìwọ̀n tuntun dé. Irọ́ kọ́. Tuntun ni ti aago mẹ́sàn-án.”

“Ẹ ṣé, ọ̀gá.”

Ó fẹ́ dáàbò bò mí ni. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dúpẹ́.

Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún Májọ̀. Tamayo jẹ́ ènìyàn kúkúrú tí kì í yára. Ó wo àwòrán wa, ó wo ojú wa.

“Kọ́mírẹ́dì Wilfrido, aago mẹ́sàn-án, ẹ ní Punta Ancha. Aago méjìlá, Caimitillo. Tó bá di aago mẹ́ta ńkọ́? Ṣé Hàfánà ni?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

“Ìwọ̀n tuntun ló dé, Májọ̀.”

“Ó dáa. Tó bá jẹ́ tuntun, òmíràn tó tún tuntun jù ú lọ ń bọ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ òfuurufú máa wọ inú ìjì ní aago méjì. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiwọn ná. Mi ò lè máa da bọ́ọ̀sì síwá sẹ́yìn bí ẹni ń ta dọ́mínò.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Bí mo bá wà ní ipò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ì bá sọ. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀sì bá kúrò lẹ́yìn agogo méjì, kò ní bá ọ̀nà Caimitillo. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà “tuntun” ni ó ń dá a dúró. Mo dìde.

“Májọ̀, kì í ṣe tuntun.”

Wilfrido fọwọ́ kan apá mi. N kò jókòó.

“Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ìwọ̀n Caimitillo dé. Ó péye. Èmi ni mo yọ ọ́, torí mo gba ẹ̀rọ gbọ́ ju obìnrin tó kà á lọ. Ìjì náà ò yí ọ̀nà padà. Caimitillo ló ń bọ̀ látàárọ̀. Èmi ni mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Kò sí nǹkan kan tí ẹ tún ń dúró dè.”

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Májọ̀ wo aago ara ògiri. Ó jẹ́ agogo méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

“Ṣé ẹ lè kọ ohun tí ẹ sọ yẹn, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i?”

“Mo lè kọ ọ́.”

“Ẹ kọ ọ́.” Ó yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀. “Gbogbo bọ́ọ̀sì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, Caimitillo. Kí Punta Ancha fi tírákítọ̀ ilé iṣẹ́ ṣúgà kó àwọn tó wà létí omi. Ẹ dìde, ẹ dìde! Kí lẹ̀ ń wò?” Ó tún yíjú sí mi. “Kọ́mírẹ́dì, ẹ jókòó kọ ọ́.”

Mo kọ ọ́. Ìlà mẹ́rin ni.

Nígbà tí mo padà dé ibùdó, Ercilia ti wà lórí rédíò. Ẹgbẹ̀rún dín mẹ́tàlá. Afẹ́fẹ́ láti ìlà oòrùn síbẹ̀.

“Bọ́ọ̀sì ń bọ̀, Màmá. Mẹ́rìnlá. Ẹ sọ fún gbogbo ìlú. Kẹ́ ẹ ti kúrò níbẹ̀ kó tó di aago méjì ààbọ̀.”

“Tí mo bá kúrò, ta ló máa ka ti aago mẹ́ta?”

“Kò sẹ́ni tó máa kà á.”

“Mi ò fo ti aago mẹ́ta rí.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Mo bẹ̀ yín.”

“Wò ó, o mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ báyìí. Láàárọ̀, o ò bẹ ẹnì kankan kó o tó yọ tèmi dànù.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ó dáa. Jẹ́ kí n lọ lé Fermín kúrò nídìí àwọ̀n ẹ̀. Òun ló máa fẹ́ ṣorí kunkun jù.”

Bọ́ọ̀sì tí ó kẹ́yìn sọdá ọ̀sà ní agogo mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú, omi sì ti ń kan táyà rẹ̀. Ní àkókò kan náà ni ọkọ̀ òfuurufú rí ojú ìjì náà. Ibi tí ó ti rí i kò ju kìlómítà mẹ́sàn-án lọ sí ibi tí a fà á sí. Omi bo ọ̀nà ní agogo mẹ́ta kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Rosaura wọ ilẹ̀ ní agogo méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́. Òkun ga ní Caimitillo ju mítà mẹ́ta lọ. Ilé mẹ́fà lé lọ́gọ́rùn-ún ni ó wà níbẹ̀. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún wó. Kò sí ẹnì kankan tí ó kú.

Ní oṣù kọkànlá, àwọn tí ń yẹ iṣẹ́ wò dé. Wọ́n ka ìlà mẹ́rin tí mo kọ. Wọ́n yọ mí kúrò nídìí kọ̀ǹpútà fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì ní kí n máa da àwọn ìwé àtijọ́ ti àwọn tí ń ka ìwọ̀n kọ sínú ẹ̀rọ. Wilfrido fẹ́ kọ̀wé láti bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí ó má kọ ọ́. Ìjìyà náà tọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìwé Caimitillo. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìwọ̀n mẹ́ta mẹ́ta ní òòjọ́, mẹ́jọ mẹ́jọ bí ìjì bá wà lórí òkun. Ọwọ́ kan náà ni ó kọ gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n pé ọkọ òun kú ní òwúrọ̀ yẹn. Ìwọ̀n ọjọ́ náà pé. Mo rò ó pé mo ti lo iṣẹ́ ọwọ́ yìí fún ọdún mọ́kànlá láìmọ̀ pé ènìyàn kan ni ó ń ṣe é. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ní oṣù kìíní, mo wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi àwọn ará Caimitillo wọ̀ sí ní Monte Largo. Ercilia jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà dúdú. Obìnrin kékeré ni, ó tinrin. Wọ́n sọ fún mi pé ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ẹ̀rọ ìwọ̀n, ó gbé e sórí itan nínú bọ́ọ̀sì, ó sì fi tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ fún òkun.

“Nereida ni mí, Màmá.”

“Mo mọ ohùn ẹ. Mo rò pé o ga ju báyìí lọ.”

“Mo wá dúpẹ́ ni.”

“Lọ́wọ́ ta?”

“Lọ́wọ́ yín. Ẹ ò dákẹ́. Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní ẹ dákẹ́?”

“Kí ni kí n dákẹ́ sí? Inú ń bí mi.” Ó ti abọ́ ẹ̀wà náà sí ọ̀dọ̀ mi. “Jókòó. Ṣa òkúta kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní o dìde níwájú Májọ̀.”

“Ẹ̀bi mi ni mo sọ.”

“Mo gbọ́. Gbogbo ayé ló ní ẹ̀bi. Mélòó nínú wọn ló ń dìde?” Ó wo ọwọ́ mi. “Òkúta ni ìyẹn tó o dá padà sínú abọ́ yẹn. Yọ ọ́! Ṣó o rí i? Èyí tó yẹ kó o yọ, o ò yọ ọ́.”

Fermín wà nítòsí, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Mo ṣa ẹ̀wà náà tán. Ercilia sè é pẹ̀lú ìrẹsì, mo sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú wọn. Ó sọ fún mi pé èmi ni ẹni àkọ́kọ́ láti ibùdó wa tí ó wá kí òun láti ọdún tí òun ti bẹ̀rẹ̀. Kò sọ ọ́ bí ẹ̀sùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí mo ń lọ, kò sì dá mi lẹ́kun mọ́. Ó ní, “Mo gbọ́, ọmọ mi. Èmi náà dúpẹ́.”

Ní oṣù kẹrin, ìjọba parí ilé lórí òkè tí ó wà lẹ́yìn ọ̀sà, wọ́n sì kó gbogbo ìlú náà lọ síbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń gbé ní etíkun Caimitillo mọ́.